Oṣù Méje Tó Kù

Baba Mùkáílà, kọ́kọ́rọ́ yín rèé.
Mo ti nù ún, mo ti tú okùn pupa tí mo so mọ́ ọn.
Ọdún méjì ni mo san,
oṣù méje ṣì wà nínú ẹ̀ tí mi ò ní gbé.

Ọ̀sán ni òru tèmi.
Ẹ mọ̀ kí ẹ tó ka owó.
Mo ní nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí ní ọsibítù Aṣúbíaró,
pé bí ayé bá ń jí, ìgbà náà ni mo ń wá ìrọ̀rí.
Ẹ ní, “Àlékúwodò yìí? Ẹ̀yìn ilé mi dákẹ́ bí inú kànga.”
Òótọ́ ni. Ó dákẹ́
tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ ewé ìbẹ́pẹ bó bá já.

Àfi bí ẹ ṣe gba Ṣàkírù ẹlẹ́rọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mi.
Aago mẹ́jọ kò ní tíì lù tán,
ẹ̀rọ á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á gbéra:
ata, ẹ̀wà, àgbàdo ògì,
ata padà.
Ife á máa rìn lórí tábìlì,
eyín á máa gbá ara wọn lẹ́nu mi.
Mo ki òwú bọ etí. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri.
Mo lọ sùn sílẹ̀ ilé ìdáná,
ẹ̀rọ gba abẹ́ ilẹ̀ tọ̀ mí wá.

Òru ọjọ́ kan, mo ń fa oògùn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú abẹ́rẹ́,
mo rí ìlà méjì níbi tí ẹyọ kan wà.
Mo gbé e sílẹ̀. Mo pe ẹlòmíràn.
Kílẹ̀ ọjọ́ náà ó tó mọ́ ni mo ti kó jáde nílé yín,
ẹrù mi nìkan ló kù síbẹ̀.

Ẹ ní owó ilé kì í padà sẹ́yìn.
Ẹ fa ìwé àdéhùn yọ lábẹ́ tìmùtìmù,
ẹ fi ìka tẹ ìlà kẹfà.
Mo wo ìfọwọ́sí mi nísàlẹ̀:
ó tẹ́jú, ó gún régé,
ọwọ́ ẹni tó ń rí oorun sùn ló kọ ọ́.

Mo bínú. Mo wá ẹ̀mú,
mo fẹ́ tú àwọ̀n tí mo fowó ara mi kàn mọ́ fèrèsé.
Ìṣó méjì ni mo yọ.
Ẹ̀fọn ò mọ ẹni tó jẹ gbèsè.
Mo kàn wọ́n padà.

Ìgbà yẹn lẹ jókòó lé ẹrù tí mo dì,
ẹ ò bèèrè bóyá àwo wà nínú ẹ̀.
Ẹ ní, “Nọ́ọ̀sì, owó yẹn ti bá Mùkáílà gba ọ̀nà Àgádésì lọ.
Látìgbà ààwẹ̀, mi ò gbóhùn ẹ̀.
Ilé wá dákẹ́ jù.
Mo ní kí Ṣàkírù ó máa wá lọ nǹkan níbẹ̀,
kí etí mi ó lè rí nǹkan mìíràn gbọ́
yàtọ̀ sí fóònù tí kò dún.”

Kí ni mo fẹ́ wí?
Ìdákẹ́ tí mo fowó rà
ni ẹ̀yin ń sá fún.

Mo ti dé Òkè-Ìjẹ̀tù.
Yàrá kan, kò sí àwọ̀n, kò sí ẹ̀rọ.
Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ iṣẹ́ Ṣàkírù kan ilẹ̀kùn,
ìbẹ́pẹ mẹ́rin nínú ọ̀rá dúdú:
“Baba ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú oṣù méje.”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo bèèrè bóyá fóònù ti dún.
Ọmọ náà ń wo bàtà ẹ̀.

Mo ń sùn báyìí, Baba Mùkáílà.
Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́jọ bá ti ń sún mọ́,
ojú mi á là,
màá dẹtí,
màá máa retí kó wúkọ́.