Ohun Tí Dulmaa Gbọ́

Aago méjì òru ni Gansukh pè mí.
Ó ní: "Nomin, súìsì tún ti kú."
Mo ní kó jẹ́ kó sùn. Ó ní kò sùn,
ńṣe ló ń kú tó ń jí bí ẹni tí wárápá gbé,
ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan.

Òtútù Darkhan kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ.
Omi ojú mi ti di yìnyín kí n tó dé ìdí ọkọ̀.
Ọkọ̀ wúkọ́, ó kọ̀, ó tún wúkọ́, ó gbà.
Mo gba ẹ̀bá odò Kharaa dé ilé iṣẹ́
níbi tí wọ́n ti ń lu irun àgùntàn pọ̀
di aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ń bo àgọ́.

Àpótí irin pẹlẹbẹ ni, kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ,
ihò méjìdínláàádọ́ta, iná kékeré lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Àwọ̀ ewé: àlàáfíà. Àwọ̀ ìyeyè: ẹ má tíì yọ̀.
Lóru yẹn ìyeyè ni gbogbo wọn,
bí ojú ológbò nínú òkùnkùn.

Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, inú agolo ni yóò wá a dé.
Mo yọ wáyà ihò kẹtàlá, mo fi òmíràn sí i.
Kò dáhùn.
Mo gbé e lọ sí ihò kẹtàlélógún.
Ó dáhùn, inú mi dùn, ó tún dákẹ́.
Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọn, mo bi í: kí ló ń ṣe ọ́?
Ó kọ ìlà mọ́kànlélógójì,
gbogbo rẹ̀ kò ju "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí" lọ.
Ohun tó dákú kì í ròyìn bó ṣe ṣubú.

Mo fura sí iná, mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì.
Gansukh dúró tì mí pẹ̀lú ago tíì oníyọ̀ méjì,
ó ní ká kúkú ra tuntun.
"Owó dà?"
Ó mu tíì tèmi.

Ìgbà náà ni Dulmaa wọlé, ìyá arúgbó tó ń ṣa irun,
funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀,
láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ ìjọba.
Ọwọ́ rẹ̀ ń dán fún ọ̀rá àgùntàn.
Ó ní: "Nǹkan yìí kò kùn mọ́.
Bí ọmọ tó ń hanrun ló máa ń ṣe.
Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti dákẹ́.
Mo rò pé ẹ tún un ṣe ni."

Èmi tí mo gbàwé ẹ̀rí ní Ulaanbaatar,
mo fojú wá, mo fìka wá,
mi ò fetí wá.

Mo gbé ọwọ́ lé e: ó gbóná
bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Mo pa á. Mo tú ìdè mẹ́jọ,
ọ̀kan bọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà níbẹ̀ dòní.
Mo ṣí ìdérí.
Ẹ wo irun!
Irun ewúrẹ́, irun ràkúnmí, irun àgùntàn,
ó ti lọ́ mọ́ eruku lára fáànù méjèèjì, ó le, ó di aṣọ,
aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò hun.
Ooru mú un títí ó fi dákú,
òtútù yàrá fẹ́ ẹ, ó jí,
ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà:
oúnjẹ wa ló há a lọ́fun.

Dulmaa fìka fà á yọ, fọ́nrán kan kò já.
Ó gbé e sójú iná. "Ti ràkúnmí nìyí, ti ìgbà ìrúwé."
Ó tọ́jú rẹ̀ sápò.

Fáànù kan yí. Èkejì gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó kọ̀.
Ọ̀kan náà yóò gbé wa dé oṣù tó ń bọ̀
bí ẹnìkan bá ń tẹ́tí.
Àwọ̀ ewé yọ, ó tún yọ, ó ń sáré lọ láti ihò dé ihò.
Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Dulmaa ti padà sídìí irun rẹ̀.

Níbi tí ìwé iṣẹ́ ti ní kí n kọ ẹni tó rí àléébù,
mo kọ orúkọ rẹ̀.
Gansukh ní kò sí lára àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ.
Mo na ago mi sí i.
Ó ṣófo.