Ẹ̀kán Márùn-ún

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ ṣì funfun bí ẹ̀kọ gbígbóná
nígbà tí mo kúnlẹ̀ létí pìsíìnì Màdáàmù Jóákínà,
mo ti apá bọ omi dé ìgúnpá.
Kì í ṣe òkè omi là ń bù, òkè omi máa ń ṣojú ayé.
Mo bù ú nísàlẹ̀, níbi tí kò ti mọ̀ pé mò ń bọ̀.

Ìgò náà kò ju ìka ọmọdé lọ.
Ẹ̀kán kan. Ẹ̀kán méjì.
Ẹ̀kán mẹ́ta, ẹ̀kán mẹ́rin,
ìkarùn-ún rọ̀ mọ́ ẹnu ike, ó ń rò ó,
kó tó já.

Bí burómínì bá pé nínú omi,
omi á pọ́n bí ìyeyè tó já fúnra rẹ̀.
Tòní dà bí ìtọ̀ ọmọ tuntun.
Òjò àná ni.
Òjò àná gbá ewé máńgòrò àti eruku títì wọlé,
burómínì bá wọn jà mọ́jú,
ó kù díẹ̀ kó tán.

Ọkùnrin kan dé, ọmọ rẹ̀ ti bọ́ra sílẹ̀,
táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.
"Arábìnrin, omi yìí mà mọ́ gaara!
Mo lè ka táìsì ìsàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."
Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi kò lọ́tàá.

Hẹn-ẹn.
Ní Kétu, nílé ìyá bàbá mi, ilẹ̀ pupa,
kànga jìn débi pé apá á ti ro obìnrin
kí korobá tó kan nǹkan.
Àmù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi inú rẹ̀ tutù,
omi inú rẹ̀ mọ́ gaara.
Ìyá àgbà á gbóòórùn rẹ̀, á fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò,
á ní, "Ẹ mu."
A mu, èmi àti Múnírù.
Ọjọ́ mẹ́ta ni Múnírù fi ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé.
Lọ́jọ́ kẹrin, ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un ti fẹ̀ jù ú lọ.
Ìyá àgbà kò tọ́ omi wò fún ẹnikẹ́ni mọ́.
Títí ó fi lọ, àfi ohun tó bá hó lórí iná ló ń mu.

N kò sọ èyí fún ọkùnrin náà.
Mo kó hóró mẹ́rin sínú agbọ̀n tó ń léfòó,
mo fọ́n ìyẹ̀fun tó ń jí burómínì lójú oorun,
mo tan ẹ̀rọ, ó ń kùn.
Ọmọ náà jókòó tì mí, ó kó ẹsẹ̀ jọ kó má baà kan omi.
Ó bi mí pé kí ni omi ń ṣe báyìí.
Mo ní ó ń jẹun.

Nígbà tí oòrùn dé orí àgbọn,
mo jẹ́ kó di ìgò mú. Òun ló ka ẹ̀kán,
ó ka márùn-ún bí ẹni ń ka owó.
Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀:
"Ó ti pọ́n!"

Mo fi wé káàdì.
Kò tíì tó.
A tún jókòó.