Ọjọ́ Ìbí Ìyá Tàmálè

Akọ̀wé gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ó ń dúró.
"Màmá, ọdún wo ni wọ́n bí yín?"
Èrò tò dé ìdí máńgòrò lóde, oòrùn ti ń ta.
Ìyá mi àgbà fa ìbòmú sílẹ̀ sí àgbọ̀n:
"Ọdún tí lúkúlúkú wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni.
Wọ́n ń sin òkú méjì-méjì ní Òkè Ẹlẹ́rìn,
ìyá mi bí mi tán, kò rí ẹni bá a gbé omi kaná.
Ẹ wò ó, bóyá ó wà nínú ẹ̀rọ yín."

"Kò sí níbẹ̀, Màmá. Nọ́ńbà lẹ̀rọ ń fẹ́."

"Ó dáa. Mo ti ń ru omi láì fọwọ́ dì í
nígbà tí agbowó-orí dé, tí bàbá mi ká gúlútú sẹ́yìn àká,
tí ikọ́ sì tú àṣírí rẹ̀.
Mo ti wà nílé ọkọ kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀.
Oyèlékè ní ká lọ ta òwú ní Tàmálè, ká pẹ́ díẹ̀.
Díẹ̀ ọ̀hún, ọgbọ̀n ọdún ni."

Akọ̀wé wo aago.

Èmi mọ ìyókù,
mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà odò lóru:
òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnì, àtíbàbà lẹ́bàá ọ̀nà Bọ́lígà;
ọmọ márùn-ún, méjì nínú wọn sùn sí ilẹ̀ pupa ibẹ̀;
èdè Dàgbánì tó wọ̀ ọ́ lára tó fi ń fi í lálàá;
ijó tó jó lóru òmìnira Gánà
títí bàtà fi já.
"Mo ṣe bí tèmi náà ni."

Lẹ́yìn náà, rédíò sọ̀rọ̀: àlejò, ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Ta ní í ra ilé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń lé?
Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló gbé lé itan, láti Tàmálè dé Masífà,
sèdì tí kò níye mọ́ nínú ìṣẹ́tí ìró,
Oyèlékè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò la ẹnu títí wọ́n fi kọjá Dàhòmì.
Wọ́n délé, wọ́n bá òórùn ìbọn.
Àwọn àgbẹ̀ ti dìde nítorí owó orí,
owó orí kan náà tó ká bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àká.
Àdúgbò ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ Gánà.
Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ iléèwé.
Ṣílè di náírà, sójà lọ, sójà dé,
ó ń rán aṣọ iléèwé.

Akọ̀wé tẹ ohun tó wù ú:
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1930.
"Màmá, ẹ tẹ ìka síbí."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín,
ó ní wọ́n ti sọ òun di ọmọge.
Nígbà tó ku díẹ̀ ká délé, ó dì mí lọ́wọ́ mú:
"Ọdún méjìlá ni wọ́n yọ. Èwo ni?"
Mo ní ti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Ìyá, ti àkọ́kọ́.
Ó dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ bọ́ sí kòtò, ó tún jáde.
"Bá mi padà lọ sọ fún un," ó ní.
"Àwọn yẹn ni mo fi ní ìyá."