Ó Ṣì Tutù

Ìdájí ni mo kúrò ní Ẹmùré,
ìrì ṣì wà lórí ewé kòkó,
àpò kan léjìká, ike ìgbín díndín kan lọ́wọ́.
Ìwé bàlúù tí Olúbùsúyì tẹ̀ fún mi
ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ilé epo,
mo ká a sí mẹ́rin, mo fi sínú Bíbélì.
Àbújá ni mò ń lọ. Bọ́lárìnwá yóò di lọ́yà lọ́la.

Ní pápákọ̀ òfúrufú Akúrẹ́, a jókòó.
Aago mẹ́jọ kọjá.
Aago mẹ́wàá gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó lọ.
Ọmọbìnrin kan tó wọ búláòsì aláwọ̀ ọsàn
wá kà á jáde lórí fóònù rẹ̀ pé bàlúù kò wá mọ́.
Kò sọ pé ó bàjẹ́. Kò sọ pé òjò ni.
Ó ní àwọn tọrọ àforíjì fún ìnira yòówù.
Yòówù! Bí ẹni pé wọ́n pàtẹ ìnira sílẹ̀
kí n ṣa èyí tó wù mí.

Bọ́lárìnwá ní, "Bàámi, ẹ má gba ọ̀nà Kàbà o,
wọ́n ń jí èèyàn gbé."
Èmi àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì la jọ jẹ ìgbín náà.
Ó ní ata rẹ̀ dára.

Wọ́n ní owó mi yóò padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Mo ka ọjọ́ bí aboyún ṣe ń ka oṣù.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo pè wọ́n:
dùùrù ló ń dún, ohùn kan ní
èèyàn mẹ́rìndínlógójì ló ṣáájú mi.
Káàdì igba náírà jó tán kó tó kan ẹnì kẹta.

Mo gun àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń gbọ́ràn,
Olúbùsúyì bá mi kọ lẹ́tà.
Wọ́n fèsì: àwọn ó fún mi ní ìwé ìfò mìíràn dípò owó.
Mo ní kó bi wọ́n pé, "Kí n fò lọ síbo?
Ọmọ mi ti di lọ́yà ná."
Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Bọ́lárìnwá fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà keje,
ó fi oyè tuntun sí ìdí orúkọ rẹ̀.
Ọjọ́ kẹta, fóònù mi gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo san.
Wọ́n ní méjìlá yòókù jẹ́ owó iṣẹ́.
Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ àìfò?

Ìbínú gòkè dé ọ̀fun mi, ó dúró síbẹ̀.
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́:
ogún ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé òṣùwọ̀n kòkó.
Àgbẹ̀ á gbé àpò dé, n ó tẹ hóró kan láàárín ìka,
n ó ní, "Ó ṣì tutù, Bàbá," n ó yọ kílò méjì.
Nígbà mìíràn, ó tutù lóòótọ́.
Nígbà mìíràn, oòrùn ti pa á títí ó ń dún ṣáká.
Bàbá Fásuyì wò mí lọ́jọ́ kan, kò jà.
Ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Akọ̀wé, o ṣé."
"O ṣé" yẹn ṣì tutù létí mi,
gbogbo oòrùn tó ti ràn láti ìgbà náà kò rí i gbẹ.

Bọ́lárìnwá ní òun yóò pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ẹgbẹ̀rún méjìlá.
Mo ní kó pè wọ́n.
Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ó dé wíìgì, ó ń rẹ́rìn-ín,
àga kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnìkan gbé báàgì lé.

Lánàá mo yà nílé Fásuyì.
Ọmọ rẹ̀ ń sá kòkó lórí tàpólì.
Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ṣé kò sí?"
Owó bàlúù wà lápò mi. Mo ní kò sí.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú hóró kan, mo tẹ̀ ẹ́.
Mo ní, "Ó ti gbẹ."