Bàtà Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ọdún mọ́kànlélógún ni ìyá mi fi ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn biribiri
ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Wolfen.
Gerlinde ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa súfèé
kí wọ́n má baà kọlu ara wọn.
Ó ní ẹni tó bá pe òkùnkùn ní ọ̀kan ṣoṣo
kò tíì wọ inú rẹ̀ rí.

Mo gbé kámẹ́rà wá sí ilé ìdáná rẹ̀:
ìgò jáàmù lórí tábìlì,
épírọ́ọ̀nù búlúù lára rẹ̀,
àtẹ̀gùn onípákó lẹ́yìn, èédú lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Fíìmù àkọ́kọ́ kò mọ pẹ̀lẹ́ sọ.
Ó rẹ búlúù sínú aró lẹ́ẹ̀mẹta,
ó jẹ́ kí jáàmù pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Funfun, báláú. Dúdú, kirikiri.
Ní ti abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ gbọn-in.
"Èyí ń lérí jù," ni ìyá mi wí.
"Ó sọ mí di òṣèré."

Èkejì fi sùúrù wò.
Ògiri dà bíi wàrà tó kan,
búlúù ṣá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi rọ̀ bíi búrẹ́dì.
Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ inú òjìji,
ó ka èédú lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó rí ṣọ́bìrì, àti lẹ́yìn ṣọ́bìrì,
bàtà bàbá mi méjèèjì,
okùn wọn ṣì wà ní síso.

Bàtà tí ó ní òun ti dà nù
lọ́dún tí ọkùnrin náà sọdá sí ìwọ̀-oòrùn
tí kò fi lẹ́tà kan ránṣẹ́.

Ó gbé awò lé ojú. Ó pẹ́.
N kò bi í.

Ẹ̀kẹta jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀,
ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́.
Àwọ̀ gbogbo ti di elésè àlùkò,
hóró rẹ̀ ṣù bí ọkà bàbà,
òjìji di eérú lásán.
Ìlà tín-ín-rín kan là á kọjá láti etí dé etí.

Ìyá mi fi ìka tọ́ ọ.
"Ibí ni ẹ̀rọ ti dúró.
Èmi ni mo dá a dúró.
Alẹ́ ọjọ́ náà ni."

Ó wo ààrò.
"Iná ń kú lọ. Lọ kó èédú wá.
Èédú nìkan."