Òkúta Kẹtàdínlógún

Èmi ni mo fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí ọ lára
níbi tí a ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Láfẹ́nwá,
lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ gorí ìwọ̀n
tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ arúgbó:
tọ́ọ̀nù mẹ́fà ó lé díẹ̀.
Ṣówándé dirẹ́bà ní, "Akọ̀wé, èyí wúwo ju gbèsè mi lọ."
A rẹ́rìn-ín. Ó tẹná, ó di Èkó.

Wọ́n ní òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn níbẹ̀.
Àwa tí wọ́n bí sábẹ́ òkúta,
kí la mọ̀ nípa ohun tí ń jẹ ilẹ̀?

Ọdún kẹta ni mo tó wá ọ wá.
Mo bá ọ nínú ògiri gígùn tó nawọ́ wọ inú omi,
ọ̀dà mi ti bó, ó ku ìrù eéje nìkan,
ìṣáwùrù ti fi ọ́ ṣe ilé.
Ìgbì dé. Kò wá tààrà bí ẹni ń bọ̀ wá jà;
ó fẹ̀gbẹ́ rìn,
ó ń wọ́ iyanrìn lọ́wọ́ bí ọmọdé tí ń wọ́ ẹní.
Ó forí sọ ọ́, ó fọ́ sí funfun,
ó sinmi, ó tún kà á láti oókan.

Lápá ibi tó ti ń bọ̀, iyanrìn gorí iyanrìn,
àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí omi wà lésìí.
Ṣùgbọ́n mo gba ẹ̀yìn rẹ kọjá.
Iyanrìn tí o dá dúró kò dé ibẹ̀ mọ́.
Mo rí àgbọn mẹ́ta tó dọ̀bálẹ̀, gbòǹgbò lókè.
Mo rí ilẹ̀kùn kan tó dúró láìsí ilé.
Ìyá Mautín bi mí pé, "Níbo lẹ ti wá?"
Mo gbé itọ́ mì. Mo ní, "Ọ̀nà jíjìn."

Mo padà délé. Nírọ̀lẹ́ mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Odò Ògùn
lábẹ́ afárá, mo káṣọ sókè, mo wọ̀ ọ́ dé orúnkún.
Omi pín sí méjì lára òpó,
ó lọ́ po, ó ń fi ọmọ-ìka gbẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Lókè odò, àwọn awayanrìn ń fi garawa bù ú sínú ọkọ̀,
iyanrìn tí ìbá rìn, bóyá, dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Mautín
ká ní a jẹ́ kó rìn.

Lọ́la, ọkọ̀ mẹ́rin ń bọ̀ lórí ìwọ̀n.
Ọ̀dà ń bẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ń bẹ.
Iyanrìn ń yọ́ lọ láàárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi bí mo ti dúró,
mi ò mọ èwo ni yóò dé òkun nínú wọn.