Oríkì Lẹ́yìn Akẹ̀sán

Ará Kùtọnu ni wọ́n ń pè mí l'Ọ́ńdà-Jí,
èmi ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó fojú kan Kùtọnu lẹ́ẹ̀mejì péré.
Sátidé, àwa mẹ́rin kó sọ́kọ̀,
ó di Ọ̀yọ́.
Ráfíátù ń ya fọ́tò ohunkóhun tó bá dúró:
ewúrẹ́, páànù, odò Ọbà láti ojú fèrèsé.
Èmi ń ṣírò owó ọkọ̀ sí sẹ́fà lábẹ́ ètè.

Lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, bàbá kan ń fíngbá.
Ọ̀bẹ rẹ̀ kò kánjú.
Mo ná igbá kan, ahọ́n mi tú mi fó.
"Ọmọ ibo?"
Mo sọ.
Kò béèrè ìwé ìrìnnà.
Ó ní, "Kí loríkì ẹ?"

Ọdún méjì tí mo ti sọdá bodè,
ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀.
"Àwẹ̀ró."
Ó pè é padà, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò,
ó fín in sídìí igbá, níbi tójú kì í tètè dé.

Ó kan Oyèdọkùn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gidi.
Ó wolẹ̀.

Nígbà tá à ń padà bọ̀, ó tẹ ìyá rẹ̀ láago:
"Mọ́mì, kí loríkì mi?"
Ọkọ̀ ń pariwo, nẹ́tíwọ̀kì ń já.
"Ẹ tún un wí," ó ń ké, "ẹ tún un wí!"